Àwọn Tó Ní Àwọn Ń Bọ̀

Ìgbà kan wà láyé mi tí fóònù mi kì í sinmi láti àárọ̀ títí ilẹ̀ fi máa ṣú, tó sì jẹ́ pé àdúrà ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọlé síbẹ̀. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde ní yunifásítì nígbà náà. Mo ń gbé nínú yàrá kan ní àdúgbò Mayfair, mo sì ń ṣiṣẹ́ ní kíníìkì ọ̀fẹ́ kan ní Ìrẹ̀mọ nínú ìlú kan náà, níbi tí agbo ilé kan ti fi yàrá méjì sílẹ̀ fún wa. Àwọn tí ẹ̀jẹ̀ wọn ń ru àti àwọn tó ní àtọ̀gbẹ ló ń wá síbẹ̀. Àgbàlagbà ni púpọ̀ nínú wọn, àwọn mìíràn sì ń gun ọ̀kadà wá láti oko. Àwọn nọ́ọ̀sì, apòògùn àti akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tó ń tọ́jú wọn ń yọ̀ǹda ara wọn ni, kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Iṣẹ́ tèmi ni kí n rí i pé ẹnì kan wà níbẹ̀ ní gbogbo ọjọ́ tí a bá ní a ó ṣílẹ̀kùn: ọjọ́ Ajé, Ọjọ́rú àti ọjọ́ Ẹtì. Ó dún bí iṣẹ́ kékeré létí. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó ti oko wá bá bá ilẹ̀kùn ní títì lẹ́ẹ̀kan tàbí lẹ́ẹ̀mejì, kì í padà wá mọ́, bí oògùn rẹ̀ bá sì tán nílé, ó tán nìyẹn.

Mo gbọ́n nígbà náà ju bó ṣe yẹ lọ. Àwọn tó ṣáájú mi ń fi ẹnu lásán ṣètò. Wọ́n á pàdé ẹnì kan lẹ́yìn ìsìn tàbí lẹ́nu ọ̀nà mọ́ṣáláṣí, wọ́n á ní kó jọ̀wọ́ yà wá lọ́la. Mo ní ayé ti kọjá ìyẹn. Mo kó gbogbo àwọn tó ń yọ̀ǹda ara wọn jọ sínú ẹgbẹ́ kan lórí Wásáàpù, mo sì ń fi orúkọ ẹni tó kàn ránṣẹ́ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Bí mo bá ti fi ránṣẹ́ báyìí, àdúrà á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀. "Ọlọ́run á fún wa lókun." "Àmín o." "In shaa Allaahu." "Lágbára Ọlọ́run." Ẹlòmíràn á fi àwòrán òdòdó sí i, á sì kí wa kú ọ̀sẹ̀ tuntun. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbẹ̀ rí pé òun kò ní lè wá. Ta ni yóò kọ iṣẹ́ àánú lójú àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n àti àwọn àgbà ìlú tó wà nínú ẹgbẹ́ náà? Mo gba gbogbo Àmín wọ̀nyẹn bí ìlérí, mo sì ń sùn fọnfọn.

Ohun tó tún tàn mí jẹ ni pé ilẹ̀kùn ń ṣí lóòótọ́. Èmi kì í sábà sí níbẹ̀ láàárọ̀, torí mo máa ń lọ tọrọ oògùn káàkiri lọ́wọ́ àwọn olóore. Alága ìgbìmọ̀ kíníìkì wa yìn mí nínú ìpàdé, ó ní ètò mi dára. Mo rẹ́rìn-ín músẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ ìyìn.

Lọ́jọ́rú kan mo tètè dé. Mo bá Màmá Nọ́ọ̀sì, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì, lórí bẹ́ǹṣì àwọn aláìsàn. Ọ̀kan nínú wọn ń fẹ́ ẹ lábẹ̀bẹ̀. Màmá ti fúnra rẹ̀ wé ẹ̀rọ tí a fi ń wọn ìfúnpá mọ́ apá, ó ní kí n ka ohun tó wà lójú ẹ̀rọ náà fún òun. Mo kà á. Ó ga ju ti gbogbo àwọn tó wá gba oògùn lọ.

"Màmá, ṣé ẹ̀yin lẹ kàn lónìí ni?"

"Apòògùn ló ní kí n bá òun dúró."

"Ọjọ́ Ajé ńkọ́?"

"Ọmọ tó ń kọ́ ìṣègùn yẹn ní ìdánwò."

"Ọjọ́ Ẹtì tó kọjá?"

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó di ojú. "Wọ́n ń pè mí, mo sì máa ń ní kò burú. Kí ni ǹ bá sọ?"

Wọn kò lè kọ̀ fún mi lójú gbogbo ẹgbẹ́, òun náà kò lè kọ̀ fún wọn lórí fóònù. Obìnrin kan ṣoṣo ni gbogbo ètò mi.

A gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá, wọ́n sì dá a dúró síbẹ̀. Mo fi ọ̀rọ̀ náà ránṣẹ́ sí ẹgbẹ́, mo béèrè ẹni tí yóò wá lọ́jọ́ Ẹtì. Àdúrà ìwòsàn kún fóònù mi. Mo kà á dé ìsàlẹ̀, mo ń wá ẹnì kan ṣoṣo tí yóò ní òun ń bọ̀. N kò rí i. Inú bí mi, ó sì rẹ̀ mí dé eegun.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í pè wọ́n níkọ̀ọ̀kan. Apòògùn ni mo kọ́kọ́ pè, ẹni tó tó bí mi.

"Ẹ dákun sà, ẹ má tíì ṣàdúrà fún mi. Ṣé ẹ ń bọ̀ ni, àbí ẹ ò ní wá?"

"Ìwọ ọmọ yìí, ṣé èmi lò ń bá sọ̀rọ̀ báyẹn?"

Mo kúnlẹ̀ níbi tí mo wà, bí ẹni pé ó ń rí mi. Mo bẹ̀ ẹ́, ṣùgbọ́n mo tún béèrè. Ó mí kanlẹ̀. "Ká sòótọ́, mi ò lè wá. Ó ti pẹ́ tí mi ò ti lè wá mọ́. Kò sẹ́ni tí mo lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ fún. Ojú ló ń tì mí."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ gidigidi, ó sì yà á lẹ́nu.

Nígbà tí mo pè wọ́n tán, àwọn tó ní àwọn ṣì lè wá kò lè gbé ju ọjọ́ kan lọ lọ́sẹ̀, Ọjọ́bọ̀ nìkan. Alága bínú, ó ní mo ti ba ètò jẹ́. Mo ní Ọjọ́bọ̀ kan tó dájú sàn ju kí iṣẹ́ tún dá ẹlòmíràn dùbúlẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tí kò bá ní lè wá á pè mí níkọ̀kọ̀, n kò sì ní béèrè ìdí. Mo dá ẹgbẹ́ mìíràn sílẹ̀ lórí Wásáàpù fún àdúrà. Ìyẹn gbilẹ̀ ju tiwa lọ.

Nígbà tó ṣe, ọ̀sẹ̀ kan dé tí a kò ní nọ́ọ̀sì. Màmá ti padà sílé. Mo lọ sọ́dọ̀ rẹ̀, mo sọ fún ara mi pé mo kàn lọ kí i ni. Mo kí i, mo mu omi, a sọ̀rọ̀ òjò. Lẹ́yìn náà ni ẹnu mi sọ ọ́: "Màmá, ṣé ẹ ó lè yọjú lọ́jọ́bọ̀, fún ìgbà díẹ̀?"

Ó wò mí, ó wo ọwọ́ rẹ̀.

"Rárá," ló wí. "Rárá, ọmọ mi. Mi ò ní wá."

Ó dà bí ẹni pé ọ̀rọ̀ náà ya òun gan-an lẹ́nu. Inú mi dùn, ó sì dùn mí. Lọ́jọ́bọ̀ náà, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mo ń bẹ àwọn tó wá, mo ń sọ fún wọn pé kò sí kíníìkì lọ́sẹ̀ yẹn. Àwọn kan bú mi, wọ́n sì jàre.

Mo ti kúrò níbẹ̀ báyìí, àwọn ẹlòmíràn ló ń bójú tó o. Màmá ṣì wà láyé. Nínú gbogbo ohun tí mo sá sókè sá sódò lé lórí ní Ìrẹ̀mọ, bóyá "Rárá" yẹn nìkan ló ṣe é láǹfààní, èmi kọ́ sì ni mo ṣètò rẹ̀.