Dáìsì Ẹ̀yìn Páálí

Bí ẹ bá ń wá Marlys Tveit lọ́sàn-án Sátidé, ẹ má wulẹ̀ da ara yín láàmú lọ sílé rẹ̀. Ilé ìkàwé Ellery, ní Wisconsin, lẹ máa bá a, nídìí tábìlì ẹ̀yìn, tí àwọn ọ̀dọ́ ìlú yí i ká. Eré àfẹnusọ ló ń darí fún wọn. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á dá akọni tirẹ̀ sílẹ̀, Marlys á ròyìn igbó tí wọ́n wọ̀, ọmọ á sọ ohun tí akọni òun fẹ́ ṣe, dáìsì olójú ogún á sì sọ bóyá ó ṣeé ṣe. Oókan burú, ogún ló dára jù.

Ẹ̀yìn páálí kan tó gbé dúró síwájú ara rẹ̀ ni Marlys ti máa ń ju dáìsì. Irọ́ ló sì ń pa níbẹ̀. Bí oókan bá jáde, tí akọni ọmọ kan fẹ́ kú, á ní méjìlá ni. Láti ọdún tó ti ń bá a bọ̀, akọni kankan ò kú rí ní tábìlì rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ta ló máa bá a wí?

Àfìgbà tí ilé ìkàwé gba Keelan Roush síṣẹ́, tí ọ̀dọ́kùnrin náà ṣí tábìlì tirẹ̀. Gbangba ló ń ju dáìsì. Á ké bí ìkookò, á sọ̀rọ̀ bí arúgbó, àwọn ọmọ á máa rẹ́rìn-ín. Tova Brandvold, tí Marlys ti ń darí eré fún láti kékeré, kó lọ síbẹ̀, àwọn yòókù sì tẹ̀ lé e. Owú wá ń jẹ Marlys, owú burúkú. Ó gbé gúgúrú oníwàràkàṣì wá láti fi fà wọ́n. Wọ́n jẹ ẹ́ tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n padà sọ́dọ̀ Keelan.

Lọ́jọ́ kan, igbe ta lọ́hùn-ún. Oókan ti jáde lójú gbogbo ayé, Orlith, akọni Tova, sì ti kú. Ká má parọ́, inú Marlys dùn. Ó ní ọmọ òun ń bọ̀ wálé.

Tova wá lóòótọ́, ojú rẹ̀ pọ́n.

“Mísì Marlys, Orlith ti kú.”

“Mo gbọ́, pẹ̀lẹ́. Mo ṣáà mọ̀ pé bọ̀bọ́ yẹn ò láàánú. Jókòó, ká ṣe òmíràn tí ò ní kú.”

“Mi ò fẹ́ òmíràn. Ẹ bá mi sin ín ni. Keelan ò mọ ibi tí wọ́n bí i sí. Ẹ̀yin nìkan lẹ mọ ibẹ̀.”

Òótọ́ ni. Ẹnu Marlys ni abúlé etí odò tí wọ́n bí Orlith sí ti jáde, àti ìyá àgbà tó ń ta oyin níbẹ̀.

“Pe àwọn yòókù,” ó ní.

Gbogbo wọn kó wá. Tova fa àga rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ Marlys, lẹ́yìn páálí, níbi tí ọmọ kankan ò jókòó sí rí. Keelan náà ń tẹ̀ lé wọn.

“Ẹ jẹ́ kí n bá yín ṣe é, Mísì Marlys. Èmi ni mo ṣáà pa á.”

“Ìwọ lo máa gbẹ́ ilẹ̀ nìyẹn.”

Marlys bẹ̀rẹ̀. Ó ròyìn odò, ó ròyìn ìyá àgbà tó ń fi oyin pa ètè òkú.

“Mo fi gbogbo agbára mi gbẹ́ ẹ,” ni Keelan wí.

Marlys ju dáìsì. Ogún ni. Ó gbójú sókè wo Keelan, owú tó wà nínú rẹ̀ ò tíì lọ síbì kankan.

“Oókan! Àpáta lo gbẹ́ kàn. Ṣọ́bìrì ẹ ti kán. Tún un bẹ̀rẹ̀.”

“Háà! Keelan ti gbé e!” Ẹ̀rín sọ láàárín àwọn ọmọ. Keelan káwọ́ lérí.

Ìgbà yẹn ni Marlys rántí ẹni tó jókòó tì í. Tova ń wo dáìsì náà, ó wo Marlys, ó tún wo dáìsì. Gbogbo méjìlá irọ́ tí Marlys ti pè láti ọdún wọ̀nyí ló wà níwájú ọmọ náà báyìí.

Tova na ìka kan, ó rọra yí dáìsì náà padà títí oókan fi dojú sókè.