Aṣọ Àdúrà tí Ìyá Àgbà Fi Wọ Ọ̀rẹ́ Rẹ̀

Ọ̀bẹ ń lọ, ó ń bọ̀ lára pupuru, èèpo dúdú tí èéfín fi bò ó ń já bọ́ sórí ẹní, funfun inú rẹ̀ sì ń yọ díẹ̀díẹ̀ bí eyín ọmọdé. Ìyá àgbà mi kì í wo ọwọ́ rẹ̀ bó bá ń ha pupuru. Ojú ọ̀nà ló ń wò lọ́jọ́ náà. Láti òwúrọ̀ ni àwọn èèyàn ti ń sáré gba ẹ̀yìn ilé wa lọ sétí omi, àwọn kan pọn ọmọ, àwọn kan ru ẹní, ẹnì kan tilẹ̀ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ lérí láìfi òṣùká sí i. Bí ẹsẹ̀ bá ti dún, ọ̀bẹ á dúró. Bí ẹsẹ̀ bá kọjá, ọ̀bẹ á tún bẹ̀rẹ̀. Èmi tí mo ń kó èèpo dànù kò lè fìdí mọ́lẹ̀. Mo dìde, mo jókòó, mo tún dìde.

"Jókòó," ó ní. "Oúnjẹ tí a bá fi ojora sè kì í ṣara lóore."

Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí nígbà náà, ní Wàrí, nígbà ìjà àkọ́kọ́ tí mo fojú ara mi rí. Mo ti rí òmíràn lẹ́yìn rẹ̀, èyí tí ìbọn pọ̀ nínú rẹ̀, mo sì ti di arúgbó báyìí. N kì bá tí kọ nǹkan kan nípa ọjọ́ náà bí kì í bá ṣe ìwé pẹlẹbẹ kan tí ìjọ wa tẹ̀ jáde láti fi ṣàjọ̀dún ilé àdúrà. Àwòrán Bàbá Alàgbà, olórí ìjọ nígbà náà, wà lójú ewé àkọ́kọ́, wọ́n pè é ní bàbá àwọn aláìní. Orúkọ àwọn tó ra àga wà níbẹ̀, ti àwọn tó kun ògiri wà níbẹ̀. Ti obìnrin tó fi ọdún méjìdínlógún dáná ìkórè fún wọn kò sí níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n bá wọn fi kún un.

Ìlàjẹ ni wá. Àwọ̀n bàbá àgbà mi ló gbé ìdílé wa dé Wàrí, nígbà tó sì kú, ìyàwó rẹ̀ kọ̀, kò padà sílé. Ilé pákó wa dúró lórí òpó létí omi, òórùn mẹ́ta ni kì í kúrò níbẹ̀: ẹja tó ń gbẹ lórí àjà, ẹ̀gẹ́ pupuru tó ń kẹ̀ nínú omi, àti tùràrí tí ìyá àgbà ń sun láràárọ̀. Ó máa ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ro oúnjẹ, ní ohùn gíga, bí ẹni ń bá aládùúgbò tí etí rẹ̀ di sọ̀rọ̀. "Olúwa, ata yìí pọ̀, ṣùgbọ́n Ìwọ náà mọ̀ pé òjò ń rọ̀." Ó máa ń sọ fún mi pé bí mo bá fẹ́ mọ bí ìgbàgbọ́ èèyàn ṣe tó, kí n má wo Bíbélì rẹ̀, kí n wo ìkòkò rẹ̀ nígbà tí àlejò bá dé lójijì.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ṣoṣo tí kì í ṣe ará ìjọ ni obìnrin Urhobo kan tó ń ru ẹ̀gẹ́ wá fún un láti Ugbolokposo. Pijin ni wọ́n fi ń bá ara wọn sọ̀rọ̀, wọn kì í sì sọ ọ́ láìbú ara wọn.

"Mama, this your pupuru, na food abi na firewood?" Obìnrin náà á yínmú.

"Your own starch nko?" ìyá àgbà á dá a lóhùn. "Carpenter dey find am, e wan take gum chair."

Wọ́n á rẹ́rìn-ín títí omi á fi dà lójú wọn. Lẹ́yìn náà wọ́n á jókòó ti abọ́ kan. Òun ló kọ́ ìyá àgbà bí wọ́n ṣe ń se ọbẹ̀ ẹyìn títí òróró á fi yọ sójú rẹ̀, ìyá àgbà sì ń fi pupuru jẹ ẹ́, èyí tí ọ̀rẹ́ rẹ̀ pè ní ìwà ọ̀daràn.

Òun ló já wọlé láti ẹ̀yìn lọ́san-án ọjọ́ tí mo ń sọ yìí. Agbọ̀n kò sí lórí rẹ̀ mọ́, gèlè kò sí. Ó wá tajà ni, wọ́n sì ti dí oríta tí ó máa gbà padà. Ìjà orí oyè ni, kò kan òun, kò kan wa. Ṣùgbọ́n ní ìhà ọ̀dọ̀ wa, ẹ̀yà tirẹ̀ ni àwọn ọmọkùnrin ń dá dúró lójú ọ̀nà. Bí èèyàn bá kọjá afárá, ẹ̀yà mìíràn ni àwọn ti ọ̀hún ń wá. Kò sí ìhà tí ọwọ́ rẹ̀ mọ́.

"Dem close road," ó ní, èémí rẹ̀ ń já. "My pikin dey house. The small one still dey suck breast."

Mo rí i pé iwájú aṣọ rẹ̀ ti tutù fún omi ọmú.

Ìyá àgbà gbé ọ̀bẹ sílẹ̀. Ó ṣí àpótí, ó kó aṣọ àdúrà jáde: èyí tó ń wọ lọ́jọ́ Ìsinmi, èyí tó ti gbó, àti tèmi kékeré. Gbogbo Wàrí ló mọ ìjọ wa nígbà náà: aṣọ funfun, ẹsẹ̀ lásán, àgógo. Àwọn tó gbé àdá pàápàá kì í fẹ́ kí aláṣọ funfun ríran sí wọn. Ó wọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní èyí tó dára jù. Obìnrin náà ga, aṣọ náà kò bo ojúgun rẹ̀.

"Comot slippers."

"Ah! Slippers too?"

"Nobody dey wear slippers for this cloth. If dem see slippers, dem go know say na lie."

Báyìí ni a ṣe jáde, ìyá àgbà níwájú pẹ̀lú àgógo, ọ̀rẹ́ rẹ̀ láàárín, èmi lẹ́yìn pẹ̀lú àbẹ́là tí oòrùn ń yọ́ mọ́ mi lọ́wọ́. Ilẹ̀ gbóná. Àwa ti mọ́ ọn lára, ṣùgbọ́n obìnrin náà ń gbé ẹsẹ̀ bí adìẹ tó tẹ eérú gbígbóná. Mo bẹ Ọlọ́run kó má kígbe.

Ní oríta, ọmọkùnrin bíi mẹ́jọ ló dúró. Ọ̀kan nínú wọn wo ọ̀rẹ́ ìyá àgbà láti òkè délẹ̀.

"Aladura, this tall one, I never see am before."

"Na visitor."

"Okay. Mama Tall, pray for me. Make cutlass no enter my body." Ó sì kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀ lóòótọ́, pẹ̀lú àdá lọ́wọ́.

Obìnrin náà kò gbọ́ Yorùbá ju ẹ káàárọ̀ lọ. Bó bá la ẹnu, ohùn rẹ̀ á tú u fó. Àgógo ìyá àgbà dún lẹ́ẹ̀kan, gooro.

"She dey fast," ó ní. "Seven days, mouth no go open. Me I go pray for you."

Ó gbé ọwọ́ lé e lórí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà ní èdè Ìlàjẹ, tí ọmọ náà kò gbọ́. Ó ní kí Ọlọ́run já àdá náà gbà lọ́wọ́ ọmọ náà. Ó ní kó dá a padà sọ́dọ̀ ìyá tó bí i kó tó di apànìyàn. Ó ní bó bá ti pa ẹnì kan, kó má lè sùn. Lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan ọmọ náà ń pariwo, "Amin! Amin, Mama!" Nígbà tí ìyá àgbà ṣe tán, ọmọ náà fi ọ̀wọ̀ yà fún wa kọjá.

A sin ọ̀rẹ́ ìyá àgbà dé ibi tí ọ̀nà ti di ti àwọn èèyàn rẹ̀. Ó fi aṣọ náà sá lọ.

Ìyá àgbà kò jẹun lálẹ́ ọjọ́ náà. "Mo parọ́ nínú aṣọ Olúwa," ó ní.

"Ẹ̀mí lẹ gbà là, Ìyá àgbà."

"Mo mọ̀. N kò ní n kò ní í tún un pa. Mo ní mo pa á."

Nígbà tí ìlú rọlẹ̀, tí ìkórè ku ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ọ̀rẹ́ rẹ̀ padà wá. Kì í ṣe ilé wa ló wá. Ilé àdúrà ló wá, lọ́jọ́ Ìsinmi, nígbà tí ìjọ kún. Ó ti fọ aṣọ náà, ó fi sitáàṣì lọ̀ ọ́ débi pé ó lè dá dúró bíi pákó. Ó ru abọ́ ẹyìn kan, ó bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà, ó sì bọ́ síwájú pẹpẹ.

"I come thank God for una church," ó ní. "This mama wear me una cloth, pass me for middle of those boys. My pikin for don turn orphan." Ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Kò sẹ́ni tó bá a jó. Ìyá àgbà mi nìkan ló dìde. Ọpẹ́ ni ọ̀rẹ́ rẹ̀ wá dú, ẹjọ́ ló fi kó bá a.

Bàbá Alàgbà dúró dìgbà tí àlejò lọ. Akọ̀wé ni níbi iṣẹ́ òyìnbó, ó mọ bí a ṣe ń fi ohùn pẹ̀lẹ́ pani.

"Ìyá, ẹni tí a kò rì bọmi lẹ gbé aṣọ mímọ́ fún?"

"Ẹni tí wọ́n fẹ́ pa ni mo gbé e fún, Bàbá."

"Ẹ kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Bí àwọn ọmọ yẹn bá mọ̀, wọn ì bá dáná sun ilé àdúrà yìí. Ẹ ò ro tiwa?"

Mo gbà fún un pé òtítọ́ díẹ̀ wà nínú èyí. Ìdájọ́ rẹ̀ ni n kò gbà. Wọ́n gba aṣọ funfun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n ní kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìkòkò ìkórè títí yóò fi kúnlẹ̀ níwájú ìjọ, kó sọ pé òun jẹ̀bi.

"Orúnkún mi kì í ṣe ti Alàgbà," ó sọ fún ìyá mi nílé. Láti ọjọ́ náà, ìta ló ń jókòó sí, nínú ìró àti bùbá rẹ̀, lẹ́bàá fèrèsé, ó ń gba orin sókè ju àwọn tó wà nínú ilé lọ. Àwọn tó ti jẹ oúnjẹ rẹ̀ ní ìkórè méjìdínlógún ń gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Ìkórè dé. Obìnrin tí wọ́n gbé ìkòkò lé lọ́wọ́ fi iyọ̀ sí ọbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Bàbá Alàgbà jẹ ẹ́, ó ní ó dùn. Irọ́ kejì nínú aṣọ funfun lọ́dún náà nìyẹn, kò sì sẹ́ni tó dá a lẹ́jọ́.

Lẹ́yìn náà ni ìwé mi dé. Mo ti yege ìdánwò sí ilé ẹ̀kọ́ gírámà àwọn ọmọbìnrin, wọ́n sì ní kí olórí ìjọ wa kọ lẹ́tà pé ọmọ ilé rere ni mí. Ìyá mi lọ bá Alàgbà. Ìyá àgbà ń yọ ìfun ẹja nígbà tí ìyá mi padà dé.

"Bàbá ní inú àwọn dùn sí ọmọ náà," ìyá mi ní. "Wọ́n ní àwọn kò kàn mọ bí àwọn ṣe máa kọ ilé rere, nígbà tí ìyá àgbà rẹ̀ ṣì wà lójú fèrèsé."

Ìyá àgbà yọ ìfun ẹja náà tán. Ó fọ̀ ọ́. Ó wò mí.

"Ṣé ìwé pọ̀ níbẹ̀?"

"Ó pọ̀, Ìyá àgbà."

"Kí o kà á dáadáa o."

Lọ́jọ́ Ìsinmi, ó wọlé, ó rìn dé iwájú, ó kúnlẹ̀. Mo gbọ́ bí orúnkún rẹ̀ ṣe ró lórí sìmẹ́ńtì. Ó ní òun parọ́ nínú aṣọ Olúwa, kí wọ́n bá òun bẹ Ọlọ́run. Ìjọ ní àmín. Alàgbà kò ní kó dìde.

"Àti ti aṣọ, Ìyá?"

Ó yíjú wò mí níbi tí mo jókòó sí.

"Àti ti aṣọ," ó ní.

Lẹ́tà mi jáde lọ́jọ́ kejì. Ọwọ́ ìkọ̀wé Alàgbà dára gan-an ni.

Mo kàwé. Mo di olùkọ́, mo di ọ̀gá ilé ìwé, mo sì fi gbogbo ọdún wọ̀nyẹn kórìíra ọkùnrin náà pẹ̀lú gírámà tó péye. Nígbà tí ìjà tuntun dé, tí àwọn ọmọ oníbọn gba odò, tí ilé ń jó láti òpópónà dé òpópónà, obìnrin kan sáré wá sí géètì mi lọ́san-án gangan. N kò mọ̀ ọ́n. Ó kan géètì, ó ń pè, "Mama, abeg! Mummy, abeg!" Mo dúró lẹ́yìn kọ́tìnì. Mo ro ó bí ọ̀mọ̀wé: bí wọ́n bá rí i nínú ilé mi, wọ́n á sun ún; ta ló sì máa ro ti àwọn tó wà lọ́dọ̀ mi? Ọ̀rọ̀ náà tò lórí mi, ó gún régé. Ìgbà tí mo parí rẹ̀ ni mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ sọ ọ́ fún ìyá àgbà mi. Nígbà yẹn, ó ti lọ.

N kò mọ ibi tó gbà. Mo béèrè lẹ́yìn ìjà, kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀lé e, wọ́n pè mí síwájú pẹpẹ pé kí n dúpẹ́ pé Ọlọ́run dá mi sí. Gbogbo ìjọ bá mi jó. Kò sẹ́ni tó ní kí n kúnlẹ̀.