Orúkọ Ẹ̀gbọ́n Mi Lórí Fọ́ọ̀mù

Alágbàfọ̀ ni mí, àmọ́ Adájọ́ ni gbogbo àdúgbò ń pè mí. Kì í ṣe pé mo ka ìwé òfin o. Fíìmù ni mo máa ń dájọ́ fún. Bí mo bá ti ń lọ aṣọ lọ́wọ́, àwọn tó wá gbaṣọ á jókòó sórí bẹ́ǹṣì iwájú tábìlì mi, a ó sì máa fa ọ̀rọ̀ àwọn òṣèré: ta ló mọ̀ ọ́n ṣe, ta ló kàn ń pariwo lásán, ta ni wọ́n fún ní àmì-ẹ̀yẹ tí kò tọ́ sí i. Ẹnu mi ló máa ń le jù níbẹ̀. Mo mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó sì máa ń dùn mọ́ mi.

Òṣèré ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ọmọ ìyá mi kan ṣoṣo. Ọdún kejìlélógún rèé tó ti wà lẹ́nu iṣẹ́ náà, ẹ ò sì lè mọ orúkọ rẹ̀. Òun ni ìyá ìyàwó tó ń sunkún lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Òun ni aládùúgbò tó yọjú lójú fèrèsé. Lọ́dún tó kọjá, wọ́n ní kó ṣe agbẹ̀bí nínú fíìmù kan. Ìṣẹ́jú mọ́kànlá péré la fi rí i, mo fi aago kà á. Nígbà tó tẹ́ òkú ọmọ tuntun kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá rẹ̀, tó wá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa àwọn aṣọ ìnura nílẹ̀ láìsọ nǹkan kan, Télọ̀, ọ̀kan lára àwọn ará bẹ́ǹṣì mi, tó jókòó tì mí, bú sẹ́kún. Èmi náà sunkún, mi ò ní parọ́.

Àwọn tó ń fúnni ní àmì-ẹ̀yẹ máa ń gba fọ́ọ̀mù lọ́wọ́ àwọn òǹwòran. Àwa ará bẹ́ǹṣì wá pinnu pé a ó fi orúkọ ẹ̀gbọ́n mi ránṣẹ́. Ogójì èèyàn ló fọwọ́ sí i. Èmi ni wọ́n ní kí n kọ ìyókù, torí ọwọ́ ìkọ̀wé mi dáa, èmi sì ni àbúrò. Ẹ̀gbọ́n mi fúnra rẹ̀ sọ fún mi lórí fóònù pé, "Àbúrò mi, abẹ́ amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni kó o fi mí sí o. Ibẹ̀ ni tèmi."

Mo tẹ́ fọ́ọ̀mù sórí tábìlì. Àpótí méjì ló wà níbẹ̀, ẹyọ kan lèèyàn á mú: olú òṣèré, tàbí òṣèré amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́, ìyẹn ẹni tó ń kó ipa kékeré lẹ́yìn olú òṣèré. Mo wo ọ̀rọ̀ kejì yẹn títí. Ó dà bí ẹni tó ń gbé báàgì tẹ̀ lé ọ̀gá. Inú bí mi. Lẹ́yìn ọdún méjìlélógún, ẹ̀yìn ẹlòmíì náà ló tún máa dúró sí? Mo fi bírò máàkì olú òṣèré, mo lẹ àpò ìwé náà pa, mo sì fi ránṣẹ́. Mi ò sọ fún ẹnì kankan.

Nígbà tí orúkọ àwọn tí wọ́n yàn jáde, ti ẹ̀gbọ́n mi ò sí níbẹ̀. Bẹ́ǹṣì gbóná lọ́jọ́ náà. Télọ̀ ní ojúsàájú ni. Nọ́ọ̀sì tó wá gba yunifọ́ọ̀mù rẹ̀ ní bóyá ni wọ́n tiẹ̀ wo fíìmù náà dópin. Èmi ni mo pariwo jù. Mo ní afọ́jú ni gbogbo wọn. Mo bú ọ̀kan nínú àwọn obìnrin tí wọ́n yàn, mo ní òpó iná máa ṣeré jù ú lọ. Odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi bú wọn.

Lọ́jọ́ kẹjọ ni lẹ́tà wọn dé, torí àdírẹ́sì ṣọ́ọ̀bù mi ló wà lórí fọ́ọ̀mù. Wọ́n ní iṣẹ́ agbẹ̀bí náà wú àwọn lórí gan-an, àmọ́ olú òṣèré la kọ, òfin àwọn sì ni pé olú òṣèré gbọ́dọ̀ hàn nínú ìdajì fíìmù, ó kéré tán. Wọ́n ní àwọn ò lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé orúkọ kúrò nínú àpótí kan sí òmíràn.

Mo ti lẹ́tà náà bọ abẹ́ aṣọ tó nípọn tí mo tẹ́ sórí tábìlì, mo sì ń lọ aṣọ lórí rẹ̀. Télọ̀ wọlé, ó ní, "Adájọ́, tún gbẹ́nu lé wọn jàre." Mo ní ọ̀fun ń dùn mí. Ojú tì mí débi pé mi ò lè wojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ẹ̀gbọ́n mi kó aṣọ méjì wá. Àwa méjì péré la wà ní ṣọ́ọ̀bù. Ó jókòó, ó ní, "Wọ́n pè mí fún fíìmù míì. Mo ti ní mi ò ṣe mọ́."

"Kí ló dé, ẹ̀gbọ́n mi?"

"Gbogbo ohun tí mo ní ni mo fi sínú ti agbẹ̀bí yẹn. Bí ìyẹn ò bá tó, a jẹ́ pé mi ò mọ̀ ọ́n ṣe látilẹ̀ nìyẹn. Ńṣe ni àánú ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń pariwo tiẹ̀ ń ṣe mí."

Mo gbé áyọ́ọ̀nù sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo fa lẹ́tà yọ. Ó ṣì gbóná. Mo fi lé e lọ́wọ́, mo sì ń wo ilẹ̀.

Ó kà á, ó tún un kà. "Wọ́n ní iṣẹ́ mi wú àwọn lórí," ohun tó kọ́kọ́ sọ nìyẹn, ó sì fọwọ́ nu ojú. Ẹ̀yìn ìyẹn ló wá bi mí pé, "Ṣebí mo sọ ibi tó o máa fi mí sí fún ẹ?"

"Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè yín ní amúgbálẹ́gbẹ̀ẹ́ ni."

Ó gbé lẹ́tà náà sórí tábìlì. "Iṣẹ́ tí mò ń ṣe láti ọdún méjìlélógún wá nìyẹn. Èmi ò tijú ẹ̀ rí. Ìwọ lò ń tijú mi."

Òótọ́ ló sọ. Bí ẹnì kan bá bi mí pé ipa wo ni ẹ̀gbọ́n mi kó nínú fíìmù, mo máa ń bù mọ́ ọn ni.

"Màá pe àwọn onífíìmù yẹn padà pé mò ń bọ̀," ó ní. "Àmọ́ obìnrin tó o fi wé òpó iná yẹn, ọ̀rẹ́ mi ni. Ojú àwọn èèyàn ẹ lo ti bú u, ojú wọn náà ni wàá ti sọ ohun tó ṣẹlẹ̀. Máa lọ aṣọ mi. Mò ń dúró dè wọ́n."

Nígbà tó di ọ̀sán, bẹ́ǹṣì kún. Télọ̀ ní, "Adájọ́, ṣé ọ̀fun ti yá? Bá wa dájọ́ àwọn olójúsàájú yìí." Ẹ̀gbọ́n mi sún fún un kó ráyè jókòó.

Mo pa áyọ́ọ̀nù, mo mú lẹ́tà náà. "Kò sẹ́ni tó ṣojúsàájú," mo ní. "Èmi ni mo yọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò."

Télọ̀ rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Nọ́ọ̀sì fẹ́ sọ̀rọ̀.

"Ẹ jẹ́ kó kà á fún yín," ẹ̀gbọ́n mi ní.