Eluned àti Ilé Onítáyà Rẹ̀

Àwọn màlúù ni kò jẹ́ kí Eluned Prosser sùn níta rí. Láti ọjọ́ tó ti di ìyàwó Idwal, tó kó wá sí oko wọn lókè abúlé wa ní Wales, tó bá fún wàrà láàárọ̀, á tún fún un nírọ̀lẹ́. Lọ́jọ́ ìgbéyàwó àbúrò rẹ̀ pàápàá, àárín ijó ló ti sáré kúrò, tòun taṣọ òde, ó di ìdí màlúù. Ilé tèmi ló kángun sí tiwọn, mo sì máa ń gbọ́ ọ tó bá ń bá àwọn ẹran náà jà: “Ẹ ṣáà máa jẹ! Lọ́jọ́ kan màá lọ wo òkun, ẹ ó sì wá mi tì!”

Nígbà tó yá, orúnkún Idwal bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ún gan-an, ni wọ́n bá ta àwọn màlúù náà tán. Idwal jókòó sídìí iná, ó fajú ro bí ẹni tí wọ́n tà mọ́ wọn. Eluned ní tirẹ̀ wọ ọkọ̀, ó lọ sí ìlú. Nígbà tó máa fi dé, karafáànì ló ń wọ́ bọ̀ lẹ́yìn ọkọ̀ rẹ̀: ilé kékeré onítáyà méjì, tó ní bẹ́ẹ̀dì, sítóòfù àti fèrèsé, tí ẹnì kan ti fi ọ̀dà kùn, tó wá pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ bí pupa inú ẹyin.

Idwal yọjú lẹ́nu ọ̀nà. “Kí nìyẹn?”

“Ilé wa ni.”

“A nílé.”

“Èyí máa ń rìn. Ìyẹn kì í rìn.”

Oṣù Kẹrin la gbéra lọ sí etíkun Llŷn. Mo ní “a” nítorí pé Eluned ní kí n tẹ̀ lé wọn, pé Idwal kò mọ ọ̀nà, òun náà kò sì lè dákẹ́ tóun bá ń wakọ̀. Òótọ́ sì ni. Orin ló ń kọ láti ẹnu ọ̀nà ilé wa. Oòrùn mú wa la abúlé àkọ́kọ́ kọjá, òjò mú wa la èkejì kọjá, nígbà tí a fi máa gun òkè, kùrukùru ti bò wá débi pé a kò rí ojú ọ̀nà mọ́. Àwọn ọkọ̀ tò sẹ́yìn wa lọ rẹrẹẹrẹ, wọ́n ń fun fèrè. Eluned ń juwọ́ sí wọn bí ẹni tí wọ́n wá pàdé.

“Ta ló máa ti ilé adìyẹ lálẹ́?” Idwal béèrè.

“Àbúrò mi ni,” ni mo dá a lóhùn.

“Ó mọ̀ pé èyí tó dúdú máa ń sá pamọ́?”

“Idwal,” ni Eluned wí, “tó o bá tún dárúkọ adìyẹ, inú karafáànì lo máa wà títí a ó fi dé.”

Orí pápá obìnrin àgbẹ̀ kan tó ń jẹ́ Non la dé sí, lókè òkun gan-an. Eluned fẹ́ fi ẹ̀yìn ti karafáànì náà sáyè rẹ̀. Tó bá yíwọ́ sí òsì, ilé náà á yà sí ọ̀tún. Tó bá yíwọ́ sí ọ̀tún, á kọjú sí òkun bí ẹni fẹ́ lọ lúwẹ̀ẹ́. Nígbà tó bọ́ sáyè nígbẹ̀yìn, Non pàtẹ́wọ́. Eluned bọ́ sílẹ̀, ó bọ́ bàtà, ó sáré lọ sínú omi pẹ̀lú síkẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Omi náà tutù débi pé ó ké. Ó ké, ó rẹ́rìn-ín, ó tún ké.

Ní ọjọ́ kejì, oòrùn là kedere. A ta àgọ́ aṣọ mọ́ ẹnu ọ̀nà karafáànì, a sá aṣọ, Eluned jókòó sórí àga, ó na ẹsẹ̀. Non ti lọ sí ọjà ẹran. A kò tíì mu tíì tán tí ìkùukùu dúdú kan fi gbéra láti ojú òkun, tí yìnyín bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀kò lù wá lórí. A sáré wọlé. Kí n tó ti ilẹ̀kùn, abo àgùntàn kan tó sanra bí àpò òwú gba àárín ẹsẹ̀ mi wọlé.

“Lé e jáde!” Eluned kígbe. “Mo sá fún ẹran nílé, ẹran tún ń lé mi bọ̀!”

Idwal tẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo ìdí rẹ̀. “Kò ní jáde. Ó ń rọbí.”

“Ó ń rọbí níbo?”

“Lórí kápẹ́ẹ̀tì rẹ.”

Bí ìjì ṣe já àgọ́ wa gbà nìyẹn, àwọn èèkàn rẹ̀ ń fò tàù tàù. Mo gba ojú fèrèsé rí i tó ń fò lọ lókè ọgbà, tòun ti súwẹ́tà Idwal àti ìborùn Eluned. Idwal kò bojú wẹ̀yìn. Ọkùnrin tó ti ń ráhùn lójoojúmọ́ pé òun kò lè kúnlẹ̀ ti wà lórí orúnkún méjèèjì, ó bu ọṣẹ ìfọ àwo sọ́wọ́, ó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ sí ẹran náà. Ẹsẹ̀ ọmọ kan ló há sẹ́yìn.

“Eluned, aṣọ ìnura!”

“Ó ti fò lọ!”

“Fún mi ní ohunkóhun!”

Aṣọ ìwọ̀sùn olówùú tuntun tí Eluned tìtorí ìrìn àjò yìí rà ló jù sí i. Ọmọ kan jáde, ó sín. Èkejì tẹ̀ lé e, ó bọ́ sínú bàtà òjò mi. Eluned wo kápẹ́ẹ̀tì, ó wo aṣọ ìwọ̀sùn rẹ̀, ó wo ọkọ rẹ̀ tí ọṣẹ kún gbogbo irùngbọ̀n rẹ̀, ẹ̀rín sì bẹ́ lẹ́nu rẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sínú abọ́ ìfọ àwo. Èmi náà kò lè dúró mọ́. Àní Idwal, tí mi ò gbọ́ ẹ̀rín rẹ̀ láti ìgbà tí wọ́n ti ta màlúù, ń rín kèékèé bí ọmọdé.

Nígbà tí Non dé, oòrùn ti tún yọ, òṣùmàrè sì na láti òkè dé òkun. Ó rí orí àgùntàn rẹ̀ tó yọ jáde lójú fèrèsé.

“Ta ló wà nínú ilé yìí?” ó béèrè.

“A ò mọ iye wa mọ́,” ni Eluned wí. “Ẹ wọlé, àyè ṣì wà nínú sítóòfù.”

Non ṣe ọbẹ̀ àgùntàn fún wa lálẹ́ ọjọ́ náà. Idwal ní òun kò lè jẹ ẹran lójú ìyá ọlọ́mọ, ánàmọ́ àti ewébẹ̀ nìkan ló jẹ, abọ́ mẹ́ta. Lẹ́yìn náà ló nu ẹnu, ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀.

“Ibo la tún ń lọ?”

Non ti sọ fún àwọn ará ibẹ̀ nípa ọwọ́ Idwal. Nígbà tó fi di ìgbà ìrúwé tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbẹ̀ etíkun ti ń pè é pé kó wá gbé ilé pupa náà sí pápá àwọn, ọ̀fẹ́, kó ṣáà bá àwọn wo àwọn aboyún àgùntàn. Eluned kùn pé ìsinmi lòun ń wá, kì í ṣe iṣẹ́ agbẹ̀bí. Ó kùn bẹ́ẹ̀ títí ó fi ra kápẹ́ẹ̀tì rọ́bà.

Láàárọ̀ yìí ló pè mí láti apá ìsàlẹ̀ Wales. Afẹ́fẹ́ ń hó nínú fóònù náà bí ẹni pé ó ń sọ̀rọ̀ láti inú ìlù.

“Báwo ni ojú ọjọ́ ọ̀hún?” mo bi í.

“Gbogbo rẹ̀ ló wà níbí!” ó pariwo. “Dúró, Idwal ń sáré kọjá, ó gbé ọmọ àgùntàn kan tó fi aṣọ wé mọ́yà. Ìwọ bàbá yìí, ṣòkòtò rẹ dà?”