Omi Tí Mo Gbé Bọ̀ Láti Ilẹ̀ Tọ́kì

Lójú ìyá mi, Tọ́kì àti Mẹ́kà kò jìnnà síra wọn. Ibi tí wọ́n bá ti ń kírun lókè òkun, ẹ̀gbẹ́ Mẹ́kà ni. Torí náà, nígbà tí ọ̀gá wa ní oko òwú ní Samaru sọ pé èmi ni wọ́n máa rán lọ kọ́ṣẹ́ oṣù mẹ́ta ní ilẹ̀ Tọ́kì, ohun kan ṣoṣo ni ìyá mi ní kí n mú bọ̀.

"Omi Zamzam," ó ní. "Ìgò kan péré. Má gbàgbé o, ọkọ mi."

Ó yẹ kí n là á yé e pé ibi tí mò ń lọ kò sí lójú ọ̀nà Mẹ́kà rárá. Mo ti rí àwòrán ayé nílé ìwé, mo mọ ibi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Ṣùgbọ́n ọdún díẹ̀ lẹ́yìn òmìnira ni, ọ̀dọ́ ni mí, orí mi sì ń wú bí àwọn ìyá àdúgbò wa ní Sabon Gari ṣe ń fi mí yangàn pé mò ń lọ sí ilẹ̀ àwọn Mùsùlùmí. Mo kàn ní, "Ó dáa, Ìyá," mo sì wọ mọ́tò lọ sí Kánò láti lọ wọ ọkọ̀ òfuurufú.

Àwa mẹ́fà la jọ kọ́ṣẹ́ náà, láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà, èmi nìkan ni aláwọ̀ dúdú. Iṣẹ́ ń lọ bó ṣe yẹ títí Iléyá fi dé, tí wọ́n fún wa ní ìsinmi. Ọkùnrin jẹ́jẹ́ tó ń mójú tó wa bi mí bóyá màá tẹ̀ lé òun lọ kírun ọdún, tàbí kí n bá àwọn yòókù lọ sí ìlú kan létí òkun, níbi táwọn ará ibẹ̀ ti máa ń gbafẹ́. Mo ní òkun ni mo fẹ́. Ẹ má bínú sí mi. Zaria ni wọ́n bí mi sí, odò Kubanni ni mo fi dàgbà, ìyẹn náà a sì máa gbẹ lẹ́ẹ̀rùn.

Ìlú náà ti pẹ́ láyé. Ilé olódi kan wà lẹ́nu omi gan-an, òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ láti ìsàlẹ̀ dókè. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkè, àwọn ìjókòó òkúta tí àwọn ará àtijọ́ fi ń wòran ṣì wà ní ìpele ìpele, ewúrẹ́ sì ń jẹko láàárín wọn. Ilé funfun lọ títí dé etíkun. Ibẹ̀ ni mo ti mọ̀ pé kànrìnkàn kan wà tó ń gbé ìsàlẹ̀ òkun, torí àwọn tó ń wọmi lọ hú u ti sá a sórí ògiri, wọ́n ń tà á fáwọn àlejò. Mo bọ́ṣọ, mo wọnú omi. N kò mọ̀ ọ́n wẹ̀, mo kàn jókòó síbi tó ti mù mí dé àyà, mò ń dá nìkan rẹ́rìn-ín. Mo jẹ ẹja yíyan, mo mu tíì nínú ife kékeré tí kò létí. N kò rántí ìrun, n kò rántí ẹnì kankan nílé.

Nígbà tí mo ń bọ̀ látomi, tí ṣòkòtò péńpé mi ń ro tótó, mo gba ẹ̀gbẹ́ mọ́ṣáláṣí kan kọjá. Páìpù idẹ kan yọ lára ògiri rẹ̀, omi tútù ń dà níbẹ̀, bàbá àgbàlagbà kan sì jókòó tì í nínú aṣọ ọdún. Ó bi mí bóyá Mùsùlùmí ni mí. Ọ̀rọ̀ yẹn ò yàtọ̀ púpọ̀ sí tiwa, mo gbọ́ ọ, mo mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Inú rẹ̀ dùn, ó dìde, ó dì mọ́ mi tòun ti omi lára. Ó wá gbé ọwọ́ méjèèjì sétí, ó ń bi mí bóyá mo ti kírun. Mo tún mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ó bomi kún ìgò kan, ó dé e pinpin, ó sì fi tọwọ́tẹsẹ̀ gbé e fún mi.

Ọ̀pọ̀ ọdún ni mo fi ń sọ fún ara mi pé ṣe ni mo gbàgbé ìgò yẹn sínú àpótí. Irọ́ ni. Síńgílẹ́ẹ̀tì méjì ni mo fi wé e kó má baà fọ́. Mo mọ ohun tí mò ń ṣe.

Òjò ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí mo padà délé. Mo lọ ṣáájú Iléyá, mo dé lẹ́yìn Iléyá, àwọn èèyàn sì ti fi orí ara wọn parí ìyókù. N kò tíì bọ́ sílẹ̀ nínú mọ́tò tí aládùúgbò wa tó ń ta obì fi kí mi káàbọ̀ lédè Hausa, "Alhaji! Sannu da zuwa!" Mo rẹ́rìn-ín, mo sì dáhùn. Ìyá mi ló ṣí àpótí mi láti kó aṣọ ìdọ̀tí, bó ti máa ń ṣe, ló bá rí ìgò náà. Ó kúnlẹ̀ síbẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà, ó bú sẹ́kún.

"Ìyá," mo ní, "omi yẹn..."

"Má sọ nǹkan kan," ó ní. "Ọlọ́run ti gbà á lọ́wọ́ rẹ."

Mo dákẹ́. Ó rọrùn fún mi láti dákẹ́, ìyẹn ló ń dùn mí jù. Kílẹ̀ tó ṣú, ó ti fi ṣíbí bù ú fún gbogbo ilé, ẹni tójú ń dùn àti aboyún, wọ́n ń mu ún, wọ́n ń ṣàdúrà fún mi, èmi náà ń ṣe àmín. Ó tọ́jú ìyókù, òun fúnra rẹ̀ a sì máa tọ́ ọ wò ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀. Wọ́n ń pè é ní Ìyá Alhaji. Òun náà a máa pè mí ní Alhaji láti ìdí ààrò, a sì pariwo rẹ̀ kí àwọn ará ìta lè gbọ́.

Àwọn ará Ìlọrin àdúgbò wa ń múra Mẹ́kà ọdún tó tẹ̀ lé e, àyè kan ló sì kan ilé wa. Ìyá mi, tó jẹ́ ìyálé, ló ni í, ó sì ti ń retí rẹ̀ láti ìgbà tí bàbá mi ti kú. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ó pè wá jọ, ó ní òun fi àyè náà sílẹ̀ fún ìyàwó, ìyẹn ìyàwó kékeré bàbá mi.

"Ọmọ tèmi ti dé ibẹ̀, ó ti bá mi ṣàdúrà," ó ní. "Ìyàwó ò bímọ. Ta ni yóò bá a lọ?"

Ọ̀rọ̀ náà dé ètè mi. Bí mo bá sọ ọ́, ìyá mi á gba àyè rẹ̀ padà. Bí n kò bá sọ ọ́, ó lè má fojú kan Mẹ́kà mọ́ láyé. Mo mọ èyí dáadáa. Ṣùgbọ́n mo ro ojú tí wọ́n máa fi wò mí ní mọ́ṣáláṣí, mo sì gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Ojo ni mí. Ìyàwó kúnlẹ̀, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá mi, ó wá yíjú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ èmi náà.

Ìyàwó lọ, ó bọ̀, ó sì gbé omi Zamzam dé. Ìyálé rẹ̀ ló kọ́kọ́ bù fún, lójú gbogbo àwọn obìnrin tó wá kí i kú àbọ̀. Mo ti tọ́ ọ wò ní kọ̀rọ̀: ó ní adùn kan bí ẹni pé iyọ̀ díẹ̀ kàn án. Omi tèmi ò ní adùn kankan. Ìyá mi fi í sẹ́nu, kò tètè gbé e mì.

"Ìyá Alhaji," obìnrin kan ní, "ṣé bí tọmọ yín ṣe rí nìyí?"

Ìyá mi wò mí. Aṣọ ló ń tà lọ́jà PZ, bí àwọ̀ aṣọ kan yóò bá ṣí, òun fúnra rẹ̀ ló máa sọ fún oníbàárà. N kò gbọ́ irọ́ lẹ́nu rẹ̀ rí.

"Bákan náà ni," ó ní. "Kò yàtọ̀ rárá."

Kò bi mí léèrè nǹkan kan lọ́jọ́ náà, kò sì bi mí títí tó fi kú, láìrí Mẹ́kà. Bí àlejò bá wà nílé, á pè mí ní Alhaji. Bó bá ku àwa méjèèjì, á kàn ní, "Ìwọ, wá jẹun."