Ìbéèrè Tó Lọ sí Ojú Ogun

Obìnrin kan wà tó ń ṣe iṣẹ́ alágbàfọ̀. Ó ti tó ọdún mẹ́wàá tó ti ń lọ aṣọ nílé ìfọṣọ kan lẹ́yìn ibùdókọ̀. Ìyá wọn kú nígbà tí àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ṣì wà lọ́mọ ọwọ́, òun ló sì pọ̀n ọ́n títí tó fi rìn. Ọmọ náà ga, ó tín-ín-rín bí ọwọ́ ìgbálẹ̀, ni wọ́n bá ń pè é ní Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́. Nígbà tí ogun bẹ́ sílẹ̀, tí wọ́n ní kí àwọn ọ̀dọ́ wá wọṣẹ́ ológun, Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà lára àwọn tó kọ́kọ́ lọ.

Ọ̀sẹ̀ méjì méjì ni lẹ́tà rẹ̀ ń dé. Bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà tí ariwo ẹ̀rọ ìlagi ti ń di létí, kò mọ̀wé kà. Bí lẹ́tà bá ti dé, á pa iṣẹ́ tì, á jókòó sórí pákó, á sọ fún ọmọ rẹ̀ obìnrin pé, "Kà á sókè. Má fo ọ̀rọ̀ kan o."

Ọwọ́ ìkọ̀wé Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ rí wọ́gọwọ̀gọ, gbogbo rẹ̀ dà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan bí ìgbà tí atẹ́gùn ń fẹ́ ẹ. Ṣùgbọ́n àwàdà kún inú rẹ̀. Ó ní bàtà tí wọ́n fún òun tóbi débi pé òun á ti yí padà tán, bàtà ò ní tíì yí.

Ó wá ṣẹlẹ̀ pé odindi oṣù kan kọjá, lẹ́tà ò dé. Nígbà tí ọ̀kan dé, ẹ̀gbọ́n já a, ó wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ọwọ́ ìkọ̀wé yìí dúró ṣánṣán, ó mọ́ bíi ti tíṣà. "Ara mi le. Ẹ má ṣèyọnu." Kò sí àwàdà kankan. Orúkọ Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ wà nísàlẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló kọ ọ́.

Ó rántí obìnrin kan tí wọ́n jọ ń lọ aṣọ. Ọkọ obìnrin náà ti kú sójú ogun, síbẹ̀ oṣù mẹ́ta gbáko ni ọ̀rẹ́ ọkọ náà fi ń kọ̀wé lórúkọ rẹ̀, nítorí kò mọ bí òun á ṣe túfọ̀ ikú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ò jẹ́ kó ta sí Bàbá létí. Ó ka lẹ́tà náà, ó fi àwàdà tara rẹ̀ há a láàárín. Bàbá rẹ́rìn-ín. Òun ò lè jẹun.

Lọ́jọ́ kejì, ó kọ èsì. "Àbúrò mi, ohun kan ni mo fẹ́ mọ̀. Ta ló fọ́ dígí kọ́bọ́ọ̀dù ọjọ́sí?"

Ọ̀rọ̀ yìí, àwọn méjèèjì nìkan ló mọ̀ ọ́n láyé. Ọdún kẹrìnlá nìyẹn tí dígí kọ́bọ́ọ̀dù oníbàárà kan fọ́ nínú ṣọ́ọ̀bù Bàbá. Ewúrẹ́ aránṣọ tó múlé tì wọ́n ni Bàbá bá níbẹ̀. Aránṣọ ní irọ́ ni, ewúrẹ́ òun kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Látọjọ́ náà, òun àti Bàbá ò kí ara wọn mọ́.

Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni ẹ̀gbọ́n fi dúró. Ó fi áyọ́ọ̀nù jó ṣẹ́ẹ̀tì méjì níbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, bó ṣe ń dé, Bàbá ti dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú lẹ́tà lọ́wọ́. Ẹ̀gbọ́n ò tiẹ̀ jókòó kó tó já a. Ọwọ́ ìkọ̀wé tíṣà yẹn náà ni. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè:

"Ẹ̀gbọ́n mi, irú ìbéèrè wo rèé? Ṣebí àwa méjèèjì la fọ́ ọ. Ẹ̀yin lẹ ní kí n gun èjìká yín kí n lè wo orí mi nínú dígí, èmi ni mo fẹsẹ̀ ta á. Ẹ̀yin náà lẹ lọ fa ewúrẹ́ aránṣọ wọlé. Ewúrẹ́ ò mọwọ́, ewúrẹ́ ò mẹsẹ̀!"

"Òun ni! Ó wà láàyè!" Ẹkún àti ẹ̀rín pọ̀ mọ́ ara wọn lẹ́nu rẹ̀. Ìgbà tó gbójú sókè ló rí i pé Bàbá ń wo òun.

"Ewúrẹ́ kí ni?" Bàbá bi í. "Tún ibẹ̀ yẹn kà."

Ó kúnlẹ̀, ó tún un kà, ó sì ka ìyókù. Apá ọ̀tún Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ ló kán. Kì í ṣe ọta ìbọn: ó ń já àpò iyọ̀ nínú ọkọ̀ ni, ló bá yọ̀ ṣubú. Ojú ló ń tì í láti sọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ti ṣe tíṣà rí ló ń bá a kọ̀wé, ẹni náà sì ń yọ àwọn àwàdà rẹ̀ kúrò, ó ní kò bójú mu.

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Dìde jàre. Ọmọ mi ń bẹ láyé, kí ni ti dígí?" Bàbá dé fìlà rẹ̀, ó di ilé kejì.

Aránṣọ dìde lẹ́yìn ẹ̀rọ rẹ̀ tìyanu-tìyanu, téèpù ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. "Gbẹ́nàgbẹ́nà, ṣé kò sí o? Ta ló kú?"

"Kò sẹ́ni tó kú. Ohun tí mo wá sọ gan-an nìyẹn. Ewúrẹ́ rẹ ò jẹ̀bi." Ó rò ó fún un látòkèdélẹ̀. "Bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a."

"Tiyín ò tiẹ̀ tó ogún," ni aránṣọ wí. "Ewúrẹ́ ọ̀hún sì ti kú tipẹ́."

"Bá mi bẹ àwọn ọmọ rẹ̀."

Lẹ́bàá ọgbà, ẹ̀gbọ́n gbọ́ tí àwọn àgbàlagbà méjèèjì bú sẹ́rìn-ín.

Ogun parí lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Nígbà tí Ọ̀pẹ́lẹ́ńgẹ́ bọ́ sílẹ̀ nínú ọkọ̀, ẹ̀gbọ́n ò kí i. Ó di apá ọ̀tún rẹ̀ mú, ó rọra tẹ̀ ẹ́ láti èjìká dé ọrùn ọwọ́, bí ẹni tó ń wá ibi tí aṣọ ti ya.

"Ó ti san, ẹ̀gbọ́n mi."

"Mo gbọ́," ló wí, ṣùgbọ́n kò fi í sílẹ̀. Bàbá ti ń pariwo látinú ilé pé oúnjẹ ń tutù.