Ẹja Inú Àmù Bàbá Àbẹ̀kẹ́

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, mo wọ yàrá tí ìyàwó olùkọ́ àgbà wa ti máa ń gba àlejò, òórùn kan sì pàdé mi lẹ́nu ọ̀nà. Kì í ṣe òórùn òkú ẹja gan-an. Òórùn omi tó ti yí padà ni, èyí tí í rọra wọ imú ènìyàn kó tó mọ̀ pé òun ti gbọ́ ọ. Lórí tábìlì ni abọ́ ìgò ńlá kan wà tí wọ́n gbé wá láti Èkó, tí màmá yìí fi ń sin ẹja wẹ́wẹ́ bí ẹni ń sin adìẹ. Ẹja méjì ti léfòó, ikùn wọn wà lókè. Àwọn ọmọ tó ń fọ abọ́ náà dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ń wo ẹsẹ̀ ara wọn. Wọ́n ní àwọn fọ̀ ọ́ mọ́ ní àràárọ̀, wọ́n ní kò sí ìdọ̀tí kankan nínú rẹ̀. Mo mọ̀ pé òótọ́ ni wọ́n sọ. Òótọ́ náà gan-an ló mú kí àyà mi já.

Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì dàgbà tó ẹni tí í jókòó sọ ìtàn àtijọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ẹ̀kọ́ mi ni, mo sì máa ń bẹ̀rù pé ẹni tó jù mí lọ yóò bi mí pé kí ni mo rí láyé tí mo fi ń rántí. Ṣùgbọ́n ìlú wa yí padà kíákíá. Ohun tí mo fi ojú ara mi rí nígbà tí mo wà ní kékeré ti ń dà bí ìtàn àwọn baba ńlá, bí mi ò bá sì sọ ọ́, yóò máa jẹ mí nínú bó ti ń jẹ mí láti ọjọ́ yìí wá.

Igbein, ní ìlú àwa Ẹ̀gbá, ni agbo ilé wa wà. Àpáta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, tó fi jẹ́ pé bí òjò bá rọ̀, omi á máa ṣàn gba ẹ̀yìnkùlé wa kọjá bí àlejò tí kò fẹ́ jókòó. Ilé Àbẹ̀kẹ́ dojú kọ tiwa. Ọ̀rẹ́ mi ni, a jọ ń jẹun nínú àwo kan, a sì jọ ń jà lórí ẹran tó bá kù nínú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ ń rẹ aró. Ìkòkò aró rẹ̀ tò lábẹ́ àtíbàbà, ọwọ́ rẹ̀ sì dúdú dé ìgbọ̀nwọ́, a kì í rántí pé ó ní àwọ̀ mìíràn. Apẹja ni bàbá rẹ̀ lórí odò Ògùn. Ọkùnrin gíga ni, ó máa ń tẹ̀ kó tó lè wọ ilé, ó sì máa ń tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àtẹ́rígbà bí ẹni ń kí àgbà. Bí ìlú bá pè é sógun, á fi àwọ̀n sílẹ̀, á gbé ìbọn.

Ọdún tí mò ń sọ yìí, ìlú pè. Kí ìpè náà tó dé ni ara ti ń sọ fún wa. Àwọn tó ń lọ oko ń tètè darí wálé. Àwọn ìyá wa ń rẹ ohùn sílẹ̀ bí a bá súnmọ́ wọn. Lẹ́nu odi, àwọn ọkùnrin ń po amọ̀, wọ́n ń dí ibi tí òjò ti ya, kò sì sẹ́ni tó ń kọrin nídìí iṣẹ́ náà. Àwa ọmọdé kò mọ ohun tí ó ń bọ̀, àmọ́ a ti ń sún mọ́ ara wa bí a bá ń sùn.

Nígbà tí bàbá Àbẹ̀kẹ́ fẹ́ máa lọ, ọmọ náà di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, kò fẹ́ jọ̀wọ́ rẹ̀. Bàbá bá sáré lọ sí odò, ó fi igbá gbé ẹja ẹpìyà márùn-ún wá, èyí tó gùn jù nínú wọn kò ju ìka ọwọ́ lọ. Ó dà wọ́n sínú àmù tuntun tí ìyàwó rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ rà fún omi mímu.

“Ìwọ ṣáà máa tọ́jú wọn,” ó sọ fún un. “Bí wọ́n bá ti wà, èmi náà wà.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó sì lọ. Mo rò pé ó ti gbàgbé ọ̀rọ̀ náà kó tó dé ẹnu odi. Ọmọ ló sọ ọ́ fún, ó fẹ́ kí ẹkún dá ni. Ṣùgbọ́n ẹyin lọ̀rọ̀.

Fún ọjọ́ díẹ̀, omi náà mọ́ lóló. Ìyá mi àgbà ń ráhùn pé òun bímọ púpọ̀ nínú agbo ilé yìí, kò sẹ́ni tó ra àmù tuntun fún òun rí, ẹja tí kò mọ ìkíni ló wá ń gbé inú tuntun. A rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà omi bẹ̀rẹ̀ sí í funfun bí omi ògì, àwọn ẹja sì ń gbé ẹnu wá sójú omi, wọ́n ń yà á, wọ́n ń pa á dé. A rò pé ebi ni, a sì ń rún ẹ̀kọ fún wọn láàárọ̀ àti lálẹ́. Bí ilẹ̀ ti mọ́ ní ọjọ́ kan, ọ̀kan ti kú. Àbẹ̀kẹ́ gbé e lé àtẹ́lẹwọ́, ó wò ó pẹ́.

“Ẹsẹ̀ bàbá mi nìyí,” ó wí.

Mi ò bi í pé kí ni ó ń sọ. Ó yé mi. Bí nǹkan burúkú bá yé ọmọdé lẹ́ẹ̀kan náà báyìí, inú rẹ̀ a máa ṣófo bí ilé tí kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀. Bí inú mi ti rí nìyẹn.

A wá ṣe ohun tí wọ́n tọ́ wa láti ṣe. Nínú ilé tó bá ní ìtìjú láàárín Ẹ̀gbá, àmù kì í dọ̀tí. Ọmọ tó bá jẹ́ kí àlejò rí ẹrẹ̀ nísàlẹ̀ àmù ti ba ìyá rẹ̀ lórúkọ jẹ́. A da gbogbo omi náà nù. A fi ewé ìpín àti yanrìn ha inú àmù títí ó fi ń dún bí ẹni ń kígbe. A pọn omi tútù, a dà á sí i, a sì da àwọn ẹja náà padà sínú rẹ̀. Wọ́n ń sáré kiri, a ní inú wọn ń dùn. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òmíràn kú. Àbẹ̀kẹ́ ní ọwọ́ ni ìyẹn. A tún fọ àmù náà, a sì fọ̀ ọ́ ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí a ti ń fọ̀ ọ́ sí i ni wọ́n ń kú sí i.

Ìyá Àbẹ̀kẹ́ rí i pé ọmọ òun kò jẹun mọ́. Ó ránṣẹ́ sí odò ní ìkọ̀kọ̀, ó ra ẹpìyà kékeré kan, ó sì fi í sáàárín àwọn tó kù. Àbẹ̀kẹ́ bojú wò ó lẹ́ẹ̀kan péré.

“Bàbá ẹlòmíràn nìyẹn.”

Ẹkún tí kò sun nítorí bàbá tirẹ̀, ó sun ún lọ́jọ́ náà, nítorí ọmọ kan tí kò mọ̀, tó lè máa wo ojú omi níbòmíràn. Ìyẹn náà kú. Nígbà tí èyí tó kẹ́yìn wá léfòó, ó pè é ní orí. Ó fọ àmù, ó dojú rẹ̀ dé lẹ́bàá ògiri, ó sì lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí aró bí ẹni tó ti dàgbà.

Bàbá rẹ̀ dé nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ ń ṣú. Gbogbo agbo ilé ló jáde. Ó rù, ó sì ń tiro, nítorí ọta ìbọn ti gba ẹsẹ̀ rẹ̀ kọjá. Nígbà tí mo rí ẹsẹ̀ náà, mi ò lè gbé ọwọ́ sókè kí n kí i káàbọ̀ ogun. Àbẹ̀kẹ́ ti sá lọ sẹ́yìn àwọn ìkòkò aró, ó kọjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà, kò wo ojú bàbá rẹ̀. Bàbá fún un ní ìlẹ̀kẹ̀, ó na ọwọ́ sẹ́yìn gbà á. Àwọn obìnrin ní ogun ti mú ọkàn ọmọ náà le. Bàbá kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ àtẹ́rígbà mọ́.

Èmi nìkan ni mo mọ ìdí rẹ̀. Ẹ ti gbọ́ nípa àkúdàáyà, ẹni tó kú síbì kan tó sì lọ ń gbé ayé níbòmíràn bí alààyè. Wọ́n ní ọjọ́ tí ẹni tó mọ̀ pé ó ti kú bá fi ojú kàn án, ọjọ́ náà ni yóò pòórá. Nínú agbo ilé wa, ta ló tún mọ̀ pé bàbá yìí ti kú bí kò ṣe Àbẹ̀kẹ́? Kì í ṣe pé ó ń bẹ̀rù rẹ̀. Ó ń pa á mọ́ ni. Àyà mi kò gba ọ̀rọ̀ náà, mo sọ ọ́ fún ìyá mi àgbà, òun ló lọ sọ fún bàbá.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, bàbá jókòó sílẹ̀ níwájú àtíbàbà. Mo wà níbẹ̀, mò ń ṣe bí ẹni ń ṣa igi ìdáná.

“Àbẹ̀kẹ́, wò mí.”

“Bí mo bá wò yín, ẹ ó lọ.”

“Níbo ni mo fẹ́ lọ?”

“Ẹja ti kú tán, bàbá.”

Bàbá yí ojú sí àmù tó dojú dé lẹ́bàá ògiri. Ó ní, “Omi ló pa wọ́n, ọmọ mi. Kì í ṣe ogun. Mi ò dúró kọ́ ọ. Jẹ́ ká tún un ṣe, o ò ní wò mí. Omi ni o máa wò.”

Wọ́n tún un ṣe lóòótọ́. Ó bu yanrìn láti ìsàlẹ̀ odò, ó ṣa òkúta tí ohun aláwọ̀ ewé tó ń yọ̀ ti bò, ó sì kọ̀ fún wa láti fọ̀ wọ́n. Ó bu omi odò sí i, ó fi òṣíbàtà kan sí ojú rẹ̀, ó sì fi àmù náà sílẹ̀ láìsí ẹja nínú rẹ̀ títí omi fi dàgbà, bó ti máa ń sọ. Ẹja kan ló kọ́kọ́ fi sí i. Nígbà tó yá, ó fi òmíràn kún un. Oúnjẹ kò ju èyí tí wọ́n lè jẹ tán lójú ẹsẹ̀ lọ. Bí omi bá ń fẹ́ yí, ahá kan ni kí a bù kúrò, ahá kan ni kí a fi rọ́pò, omi tí a ti pọn kalẹ̀ lánàá. Ìsàlẹ̀ àmù dọ̀tí débi pé ìyá mi àgbà ń fi ìborùn bojú bó bá ń kọjá. Kò sí ẹja tó kú.

Ní ọjọ́ kan, bí wọ́n ti tẹ̀ sórí àmù pa pọ̀, Àbẹ̀kẹ́ rí ojú bàbá rẹ̀ nínú omi. Ó wò ó. Ó dúró. Lẹ́yìn náà, ó gbé orí sókè, ó wo ojú náà fúnra rẹ̀, bàbá sì wà níbẹ̀.

Mo fẹ́ kí ìtàn yìí parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọkà tún gbó, ìlú tún pè. Bàbá Àbẹ̀kẹ́ lọ, ó ń tiro. Kò fi ọ̀rọ̀ kankan sílẹ̀, ọmọ rẹ̀ náà kò sì béèrè. Ẹja inú àmù ń sanra, wọ́n ń bímọ, ojú omi kún fún ọmọ ẹja bí ìyẹ̀fun. Ẹlòmíràn ló gbé àpò ìbọn rẹ̀ wálé.

Lẹ́yìn tí wọ́n ti sunkún, ìbínú dé. Àwọn ará ilé ní ẹja èké ni, àwọn kan gbé ọmọ odó, wọ́n ní àwọn yóò fọ́ àmù náà. Àbẹ̀kẹ́ dúró níwájú rẹ̀. Kò fi bẹ́ẹ̀ ga ju ẹnu àmù lọ.

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀,” ó wí. “Wọn ò mọ nǹkan kan.”

Wọ́n fi wọ́n sílẹ̀. Kò pẹ́ sí i, ìyá rẹ̀ mú un lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹbí wọn ní ọ̀nà Ìjẹ̀bú, mi ò sì tíì gbọ́ ohùn rẹ̀ mọ́. Ilé wọn ti wó, aró kò rùn níbẹ̀ mọ́. Àwọn ọmọ ìsinsìnyí ń ka ìwé, wọ́n ń fi ìgò wo ẹja, wọn kò sì ní láti bẹ̀rù ohun tí àwa bẹ̀rù. Ṣùgbọ́n ọ̀nà ṣì wà, àwọn ènìyàn wa ṣì ń rìn ín, ẹni tó dúró nílé kò sì tíì rí ohun tí yóò fi mọ̀ bóyá wọn yóò padà. Bí ẹnikẹ́ni nínú àwọn ará mi bá ń rìnrìn àjò, n kì í béèrè àmì. Mo máa ń sìn wọ́n dé ẹnu odi, n ó kí wọn pé ó dàbọ̀, n ó sì kọ́kọ́ yí ẹ̀yìn padà, nítorí mi ò fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n bojú wẹ̀yìn, kí n má baà sọ ìyẹn náà di àmì.